Àpótí Orí Tábìlì Akọ̀wé, àti Ẹ̀rọ Tí Ń Gé E

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò tóbi bí a bá fi ojú lásán wò ó. Àpótí kékeré kan ni, irú èyí tí akọ̀wé ìjọ ń gbé ka orí tábìlì rẹ̀, tí kálámù ní ihò tirẹ̀, tí àpò lẹ́tà ní tirẹ̀, tí òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sì ní ibi tí a ó ti bá wọn nígbàkúùgbà. Níbi tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ̀yin náà mọ̀ bí ó ti ń rí: rìsíìtì a wà nínú ìwé orin, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó a wà lábẹ́ ìwé ìrìbọmi, ẹni tí ó wá gba ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ a sì jókòó títí oòrùn yóò fi yí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ètò tábìlì nìkan ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ẹ̀rọ kan wà nísinsìnyí tí ó lè gé gbogbo abala àpótí náà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ayùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òbí tí ó ti fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ní Òkèrèwè yìí, tí ó ti san owó ìkọ́ṣẹ́, tí ó sì ń ka ọdún títí di ọjọ́ ìgbòmìnira, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé, Kí ni yóò kù fún ọmọ mi láti ṣe? A kò lè fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kí a lè rí ibi tí ẹ̀rọ ti lágbára, àti ibi tí ó ti dà bí ọmọ tí kò tí ì gbọ́n.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo àpótí olójúlé púpọ̀ tí a mọ̀, èyí tí ó ní ọgbọ́n jù ni àpótí lẹ́tà àwọn atẹ̀wé àtijọ́. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni a fi ń mú lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, tí a fi ń tò wọ́n di ọ̀rọ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ihò púpọ̀, ihò náà kò sì dọ́gba. Lẹ́tà tí a ń lò jù ni a fún ní ihò tí ó tóbi jù, tí ó sì súnmọ́ ọwọ́ jù. Èyí tí a kì í sábà lò a lọ sí igun. Ẹni tí ó ya irú àpótí náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ara igi. Ó ti ka iye ìgbà tí ọwọ́ yóò lọ síbi kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kan pákó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ṣe pẹ̀lú àpótí akọ̀wé. Kí a kó gbogbo ohun tí yóò wọ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi rúlà wọ̀n wọ́n. Àpò lẹ́tà gígùn jẹ́ 220 mílímítà ní gígùn àti 110 ní fífẹ̀. Bí a bá fún un ní ihò tí ó jẹ́ 220 gẹ́lẹ́, yóò há. Nítorí náà a fún un ní 230. A ó dá ògiri kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 3. Lẹ́yìn ògiri náà a fi 73 sílẹ̀ fún kálámù, òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 306 nínú, àti 312 lóde, nítorí ògiri méjì ti ìkángun gba 3 mẹ́ta lọ́tùn-ún àti lósì. Fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 95: bí a bá tún fi ògiri 3 pín ìyára kékeré nì sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní 46. Gíga rẹ̀ jẹ́ 70. Ẹnìkan lè wí pé àpò lẹ́tà tí ó ga ní 110 yóò yọ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ẹ. Ohun tí ó rì sínú àpótí pátápátá, ìka kì í rí i mú.

Títí di ibí yìí, a kò tí ì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ìwé, pẹ́ńsù àti rúlà ti tó. A sọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa a máa sáré lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kọ̀ǹpútà a sì fún wọn ní àwòrán dáradára ti àpótí tí kò wúlò.

Lẹ́yìn èyí ni àwòrán. Oríṣiríṣi ètò kọ̀ǹpútà ni ó wà tí a fi ń ya ìlà. Ọ̀kan nínú wọn ni Inkscape, tí ó ti wà láti 2003, tí a kì í sì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. A ó ya abala kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ: ìsàlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ìkángun méjì àti ògiri inú méjì. Etí wọn kì í ṣe títẹ́jú. Eyín ni a ó gé sí i, kí eyín abala kan lè wọ àlàfo èkejì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka ọwọ́ méjèèjì há ara wọn. Gíga 70 ni a pín sí ọ̀nà 7, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10. Abala iwájú yóò ní eyín 4, ìkángun yóò ní 3, wọn yóò sì bá ara wọn mu. Iye tí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba ni ó dára jù, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ abala kan náà yóò rí bákan náà, kò sì ní sí ìdààmú pé èwo ni orí, èwo ni ìdí.

Ẹ̀rọ tí yóò gé e ni a ń pè ní ẹ̀rọ léésà. Ìtànṣán ni ó ń lò dípò irin. Theodore Maiman, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ní 1960. Ní 1964, Kumar Patel, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí ń jáde láti inú afẹ́fẹ́ carbon dioxide, irú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń gé pákó ń lò títí di òní. Ojú ènìyàn kò lè rí ìtànṣán yìí. Ó ń ti inú ọ̀pá dígí kan jáde, dígí mìíràn ń darí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí tí ó kẹ́yìn a sì kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti ń fi dígí kó oòrùn jọ láti fi jó ewé gbígbẹ. Níbi tí ó bá bọ́ sí, igi a jóná di èéfín. Kọ̀ǹpútà ni ń gbé ojú iná náà kiri lórí ìlà tí a ti yà. Ọgbọ́n fífi nọ́ńbà darí ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ní 1952 ni a ti fi irú ẹ̀rọ agbẹ́rin bẹ́ẹ̀ hàn ní MIT ní Amẹ́ríkà, tí a lu àṣẹ rẹ̀ ní ihò-ihò sí ara tẹ́ẹ̀pù.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tẹ́tí sí gidigidi. Ẹ bi káfíńtà kankan léèrè, yóò sọ fún yín pé ayùn ń jẹ igi. Ohun tí ó jẹ ni ìyẹ̀fun igi tí ń bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà káfíńtà tí ó mọṣẹ́ kì í gé lórí ìlà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ni ó ń gé, ní ìhà tí a ó sọ nù, kí abala tí ó fẹ́ lò má bàa kéré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ti ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ ní èyí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìkó. Ìtànṣán pẹ̀lú ń jẹ igi. Ó kéré sí ti ayùn, ó lè jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìhà tí a ó lò yàtọ̀ sí ìhà tí a ó sọ nù. Orí ìlà gan-an ni ó ń rìn.

Ẹ wo ohun tí ó ń tìdí èyí yọ. Eyín tí a yà ní 10 mílímítà yóò pàdánù 0.1 lápá kìíní àti 0.1 lápá kejì, yóò sì jáde ní 9.8. Àlàfo tí a yà ní 10 yóò fẹ̀ sí i bákan náà, yóò di 10.2. Eyín 9.8 nínú àlàfo 10.2: àpótí náà yóò máa mì bí eyín àgbàlagbà. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a ya eyín ní 10.2, kí a sì ya àlàfo ní 9.8, kí méjèèjì lè jáde ní 10 géérégé. Ẹni tí ó ti fi ayùn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà nìkan lè ba pákó púpọ̀ jẹ́ kí ó tó yé e.

Ọ̀rọ̀ pákó pẹ̀lú nìyí. Pílíwúùdù ni a ń lò, pákó tí a fi ìpele tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀. A ń tà á lọ́jà pé 3 mílímítà ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi kálípà wọ̀n ọ́n, a lè bá 2.7, a sì lè bá 3.3, àní lára pákó kan náà bí òjò bá ti pa igun rẹ̀ kan. Bí àwòrán wa bá sọ pé 3 ni, tí pákó sì jẹ́ 2.7, ògiri inú yóò máa mi nínú ihò rẹ̀, eyín yóò sì yọ jáde ní 0.3 ju ojú pákó lọ. Bí ó bá jẹ́ 3.3, ògiri kò ní wọlé rárá. Ẹni tí ó bá sì fi hámà lù ú yóò rí i tí ìpele pákó yóò ṣí. Nítorí èyí ni ọlọ́gbọ́n ayàwòrán kì í fi nọ́ńbà ìnípọn sí ibi púpọ̀. Ó ń kọ ọ́ sí ojú kan ṣoṣo nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo ihò àti eyín yòókù máa gbọ́ àṣẹ láti ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá ra pákó mìíràn, nọ́ńbà kan ni yóò yí padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọn pákó náà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé àyẹ̀wò kékeré, eyín méjì mẹ́ta péré, kí ó tó gé odidi.

Kí a má gbàgbé ewu. Iná ni ẹ̀rọ yìí. A kì í tan án kí a sì jáde lọ jẹun. Pákó lè gbaná nígbàkúùgbà, ohun ìpaná sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde sóde. Ike tí a ń pè ní PVC, irú èyí tí a fi ń ṣe páìpù omi, a kò gbọdọ̀ fi sínú rẹ̀ láéláé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́, a sì máa jẹ irin ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ kejì tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ nípa rẹ̀ ni 3D printer. Èyí kì í gé. Ó ń mọ ni. Bí ìyá amọ̀kòkò ti ń fi okùn amọ̀ yí po lé orí ara wọn títí ìkòkò yóò fi ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń yọ́ okùn ike, tí ó ń tẹ́ ẹ ní ìpele lórí ìpele. Ìpele kan lè jẹ́ 0.2 mílímítà; nítorí náà ife kálámù tí ó ga ní 100 mílímítà jẹ́ ìpele 500. Wákàtí púpọ̀ ni ó ń gbà. Èrò tiwa ni pé fún àpótí tí a ti ń sọ, kì í ṣe òun ni ó yẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré kò lè mọ ohun tí ó gùn ju 220 mílímítà lọ. Ike PLA tí wọ́n sábà ń lò ń rọ̀ bí ooru bá tó nǹkan bí 60 Celsius, ọkọ̀ tí a pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán sì lè mú kí ó wọ́. Pabanbarì rẹ̀ ni iná mànàmáná. Bí iná bá lọ nígbà tí ìpele 400 ti parí, tí kò sí bátìrì tí yóò gbà á mọ́ra, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òwúrọ̀ kan di ohun àsọnù. Ṣùgbọ́n fún ìmú kékeré tí a ó fi máa fa àpótí, tàbí ohun èlò ẹ̀rọ tí ó ṣẹ́ tí a kò rí rà mọ́, ó dára púpọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ohun tí àwa aláwọ̀ dúdú kàn ń rà ni. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou, ọmọ ilẹ̀ Tógò, ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Lomé, nínú ilé iṣẹ́ WoeLab, láti ara àwókù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn ènìyàn ti kó dànù. Ó yọ mọ́tò àti bẹ́líìtì inú wọn, ó tò wọ́n padà, ó sì pe ẹ̀rọ náà ní W.Afate. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn arẹ̀díò wa ti ń tú àwókù láti fi tún òmíràn ṣe yóò mọ̀ pé ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹnìkan lè wí pé, Ta ni yóò rí owó ra ẹ̀rọ léésà? Òtítọ́ ni pé ó wọ́n ju agbára káfíńtà kan lọ. Ní 2004, àwọn ará MIT, lábẹ́ Neil Gershenfeld, dá ilé iṣẹ́ àjùmọ̀lò kan sílẹ̀ ní Takoradi ní Gánà, nínú ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìlànà wọn ni pé kí ẹ̀rọ wà lójú kan, kí olúkúlùkù máa mú àwòrán tirẹ̀ wá. Lójú tiwa, ọ̀nà tí ó yẹ àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà nìyí. Àwọn tí ń dá àjọ lóṣooṣù láti fi ra igi lè dá àjọ ra ẹ̀rọ kan, kí wọ́n sì máa lò ó ní ìyípo.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àwòrán, kí ni yóò mú wá? Ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí, ẹ sì jẹ́ kí a fi ohun tí ó wà ní Ifẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ní 1938, nígbà tí a ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, a bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò pẹ̀lú ìyanu títí di òní. Ìda ni àwọn baba wa kọ́kọ́ fi ṣe àwòrán orí náà. Nínú ìda ni wọ́n ti tún imú ṣe, tí wọ́n ti fa ìlà ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n fi iná yọ́ ìda kúrò, tí wọ́n da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ amọ̀ náà. Ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́. Bí ọba bá fẹ́ òmíràn, alágbẹ̀dẹ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìda. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yọ́, kì í fọ́. Lẹ́yìn àpótí kìíní ó ṣì wà níbẹ̀ fún ti igba. Nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni àwòrán ni èrè ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ bọ́tìnì.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gba àwòrán àwọn ará òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gé e bí ó ti wà. Kò burú fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yà á ti kọ sí ara rẹ̀ pé a lè lò ó, a kò sì gbọdọ̀ tà á. Ẹni tí ó bá tà á lẹ́yìn tí ó ti ka èyí ti jalè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ẹnikẹ́ni tí ó fọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀n tábìlì wọn kì í ṣe ìwọ̀n tiwa. Àpótí ará òkèèrè ní ihò fún ohun tí akọ̀wé wa kò ní, kò sì ní ààyè fún àpò ọrẹ, fún káàdì ìdá ọmọ ìjọ, tàbí fún kọ́kọ́rọ́ méje tí a so mọ́ okùn kan ṣoṣo.

Ìdáhùn wa sí òbí tí ó bèèrè ni pé kí ó má ṣe yọ ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Kí ó jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ó sì wá ibi tí yóò ti kọ́ àwòrán kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́. A kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò dúró bí ó ti wà. Ẹni tí ń gé abala kan náà láti àárọ̀ títí dalẹ́, tí kò mọ ohun mìíràn, ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀tàn sì ni láti sọ òdìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí abala méje àpótí náà bá bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, etí wọn dúdú fún iná. Ẹnìkan ni yóò fi sáńpépà nù wọ́n, tí yóò mọ̀ pé bí òun bá nù ún jù, eyín yóò tún dẹ̀. Òun ni yóò fi gọ́ọ̀mù sí i níwọ̀nba, tí yóò kọ́kọ́ ti ògiri inú méjèèjì bọ ìsàlẹ̀, tí yóò fi ìkángun tì wọ́n, tí yóò fi okùn dì í, tí yóò sì fi igun rúlà wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Lẹ́yìn wákàtí kan, kò sí ẹni tí ó lè tún un tò mọ́.